Ahọ́n Ìbàdàn nínú Kíláàsì Kent

Ojú ewé kan péré ni ìwé ìkìlọ̀ náà. Mo fi ọdún 11 kọ́ ìṣirò ní Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó kọ irú rẹ̀ sí mi rí. Ní England, n ò tíì lo oṣù mẹ́wàá tí ó fi wọ fáìlì mi. Mi ò na ọmọ, mi ò pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló fà á. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, torí kò sí oṣù tí ẹnì kan kì í pè mí láti Ìbàdàn, Òṣogbo tàbí Àkúrẹ́ pé, "Bọ̀dá, kí ni kí n dì sínú báàgì?" Aṣọ òtútù ni gbogbo wọn ń bèèrè. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ẹnu.

Oṣù kejì ọdún 2023 ni England ṣílẹ̀kùn fún olùkọ́ láti Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan, pé a lè fi ìwé ẹ̀rí tiwa gba QTS, ìyẹn àṣẹ àtiṣe olùkọ́ níbẹ̀. Ní ti àwa ará Nàìjíríà, kì í ṣe olùkọ́ ohun gbogbo ni wọ́n ń gbà: ti ìṣirò, ti sáyẹ́ǹsì àti ti èdè ni, fún àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16. Ìṣirò ni tèmi. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, mo ti wà ní ilé ìwé sẹ́kọ́ńdírì kan ní Kent.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sí ọmọ kankan nílé ìwé. Àwa òṣìṣẹ́ nìkan la jókòó sí gbọ̀ngàn. Wọ́n kó ìwé sórí kọ̀ǹpútà wa: ìwé ìjọba lórí ààbò àwọn ọmọ, ìlànà ìwà òṣìṣẹ́, ìlànà lórí ọ̀rọ̀ òṣèlú, ìlànà lórí ìdọ́gba. Nísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpótí kékeré kan wà tí èèyàn máa tẹ̀ láti fi hàn pé ó ti kà á, ó sì yé e. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo fi tẹ gbogbo rẹ̀. Pátákó oníná tó wà ní kíláàsì mi ni mo ń rò, torí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án. Àwọn ìwé tí mo fò yẹn gan-an ni wọ́n tò síwájú mi lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago tí mo tẹ àpótí.

Gírámà ló kọ́kọ́ kó bá mi, òṣèlú dé lẹ́yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣe Yorùbá ní JSS á rántí ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ: ẹnìkínní, ẹnìkejì, ẹnìkẹta, ẹyọ àti ọ̀pọ̀. Ẹnìkẹta ẹyọ ni "ó". Àbúrò mi ọkùnrin, ó. Àbúrò mi obìnrin, ó. Ewúrẹ́ inú ilé, ó. Èdè wa kì í bèèrè akọ tàbí abo. Ọjọ́ orí ló máa ń bèèrè: bí ẹni náà bá jù ọ́ lọ, "wọ́n dé" ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ló wọlé. Bí mo bá rọra ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, mo máa ń rántí ìyàtọ̀. Bí iṣẹ́ bá ti wọ̀ mí lára, tí mo ń fò láti ìlà kan sí èkejì lójú pátákó, "he" àti "she" á dàrú mọ́ mi lẹ́nu. Màá nawọ́ sí ọmọbìnrin, "he" ló máa jáde. Màá ní kí wọ́n gbé rúlà fún ọmọkùnrin, "her" ló máa jáde. Ní Ìbàdàn, etí ẹnikẹ́ni ò ta sí i, bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ní Kent, ọgbọ̀n orí ló ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi rẹ́rìn-ín.

Ọmọ kan wà nínú wọn, ní ọdún kẹsàn-án ẹ̀kọ́, tí mi ò ní dárúkọ. Obìnrin ni rẹ́jísítà pè é. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́, ìṣirò sì yé e ju bó ṣe ń fi hàn lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó dúró títí àwọn yòókù fi jáde, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé kí n má pe òun ní "she" mọ́, pé "they" ni kí n máa lò, ó sì sọ orúkọ mìíràn tó fẹ́ máa jẹ́.

Mo ní, "Ó dáa."

Nǹkan méjì ni mo bàjẹ́ nínú ọ̀rọ̀ kan yẹn. Àkọ́kọ́, èmi kọ́ ni mo ni ìdáhùn náà. Ìlànà ilé ìwé wa, èyí tí mo tẹ̀ láìkà, sọ pé bí ọmọ bá gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá, kí olùkọ́ fetí sílẹ̀, kó má ṣèlérí, kó sì sọ fún ẹni tí ààbò àwọn ọmọ wà níkàáwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. DSL ni wọ́n ń pè é. Kò sí ilé ìwé tí kì í ní ọ̀kan ní England. Òun ló máa wádìí bóyá àwọn òbí mọ̀, bóyá nǹkan mìíràn ń yọ ọmọ lẹ́nu. Èkejì sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ: mi ò ní i lọ́kàn láti ṣe é. Bàbá mi jẹ́ alàgbà nínú ìjọ, bí Ọlọ́run ṣe dá èèyàn ni mo gbà pé ó wà. Mo fẹ́ lọ jẹun ọ̀sán, mo sì fẹ́ kí ọmọ náà jáde. Ìdí tí mo fi ní ó dáa nìyẹn.

Ahọ́n mi wá dá kún un. Lọ́jọ́ Ajé, màá pè é ní "she". Lọ́jọ́rú, "he", láìmọ̀ rárá. "They" nìkan ni kò jáde rí, torí létí mi, "wọ́n" ni. Ṣé ọmọ ọdún 13 ni kí n máa wá sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìyá ọkọ? Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ó ń ṣe mí bí ẹni tí wọ́n ní kó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tó lè bí. Mo ti rò ó títí láti ìgbà náà, mo sì gbà báyìí pé nǹkan bí ìdajì ohun tí mo ń pè ní ẹ̀rí ọkàn mi nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ta ló ju ta lọ ni.

(Ẹ kíyè sí i pé láti òkè wá ni mo ti ń sọ̀rọ̀ ọmọ yìí ní Yorùbá, kò sì tíì sí ibi tó ti di dandan kí n yan ọ̀kan.)

Ní oṣù kọkànlá, olùkọ́ tó ń bójú tó gbogbo àwọn ọmọ ọdún kẹsàn-án pè mí. Ọmọ náà ti kọ̀wé pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, pé lónìí mo pe òun ní báyìí, lọ́la mo pe òun ní bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo ṣàlàyé "ó" fún ọkùnrin náà. Ó ń wò mí bí ẹni ń gbọ́ àlọ́ ìjàpá. Ẹni tó yọ mí ni ìyá Ìjẹ̀bú kan tó ti ń ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́ nínú kíláàsì láti bí ogún ọdún. Wọ́n tẹ̀ lé mi padà lọ, wọ́n jẹ́rìí sí i. Nígbà tí a jáde, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin náà máa ń ṣì í?"

"Títí dòní! Níjelòó lọ́dọ̀ dókítà, ọkọ mi ni mò ń pè ní 'she'. Dókítà ń wá obìnrin kiri nínú yàrá." Wọ́n wá fọwọ́ lé mi léjìká. "Àbúrò, fi 'he' fi 'she' sílẹ̀ fún wọn. Orúkọ ni kó o máa pè. Ìdáhùn Tunde ni. Gbé rúlà fún Sarah. Ṣé a kì í pe orúkọ ọmọ nílé ni?"

Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ ní ìlú yìí, kò sí èyí tó wúlò tó o. Ó gba ọ̀sẹ̀ méjì kó tó mọ́ mi lára. Mo kọ orúkọ gbogbo wọn sórí páálí ní bí wọ́n ṣe jókòó, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì mi. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Àṣìṣe mi lórí àwọn ọmọ tó kù náà tán, torí òótọ́ ni pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n tipẹ́: ọmọkùnrin kan tí irun rẹ̀ gùn sọ fún mi lẹ́yìn náà pé látìgbà tí mo ti pe òun ní "her" ni wọ́n ti ń fi pe òun ní ìta.

Ṣùgbọ́n kí páálí yẹn tó wà, alẹ́ ìpàdé àwọn òbí ti dé. DSL ti kìlọ̀ fún mi pé òun ń múra àtibá ìdílé ọmọ náà sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n má bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni òbí kọ̀ọ̀kan ní lọ́dọ̀ olùkọ́. Bàbá ọmọ náà jókòó. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọmọ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín, ahọ́n Ìbàdàn sì gbé "he" jáde. Bàbá náà ní, "Ta ni?" Ojú tì mí. Dípò kí n tọrọ gáfárà kí n sì máa bá ọ̀rọ̀ ìṣirò lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ara mi: pé kì í ṣe torí ohun tí ọmọ náà bèèrè o, pé "they" gan-an ló ní kí n máa lò…

Bàbá náà ò pariwo. Ó ká ìwé èsì ọmọ rẹ̀ sí méjì, ó tún un ká sí mẹ́rin, ó dìde. Àwọn òbí mìíràn ti tò sẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ náà ò wá sílé ìwé fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo máa ń wo àga rẹ̀ bí mo bá ń pe rẹ́jísítà. Mo bi ara mi léèrè pé tó bá jẹ́ ọmọ mi, ṣé mi ò ní fẹ́ mọ̀? Màá fẹ́ mọ̀, kíákíá ni màá fẹ́ mọ̀. Àmọ́ n ò ní fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ ìṣirò tó ń dáàbò bo ara rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà padà dé, ilé ìwé àti àwọn òbí rẹ̀ ti jọ jókòó, wọ́n fẹnu kò sí orúkọ ìnagijẹ kan tí wọ́n ti ń pè é nílé láti kékeré. Orúkọ yẹn ni gbogbo wa ń pè. Kò wò mí lójú títí Kérésìmesì fi dé.

Ẹ ò ní gbà pé mo tún ṣe òmùgọ̀ lẹ́yìn èyí. Ní ọjọ́ 19 oṣù kejìlá ọdún 2023, ìjọba gbé ìwé àbá kan jáde lórí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kò sí òfin tó fipá mú ilé ìwé láti gba gbogbo ohun tí ọmọ bá bèèrè nípa orúkọ àti arọ́pò-orúkọ, pé kí wọ́n mú òbí wọ ọ̀rọ̀ náà àfi bó bá máa fi ọmọ sínú ewu gidi. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi ìnkì aláwọ̀ yẹ́lò kun ibi tó wù mí, mo gbé e wọ yàrá àwọn olùkọ́ bí ẹni gbé ife-ẹ̀yẹ wálé. DSL kà á parí kó tó fèsì. Ó ní àbá ni, wọ́n ṣì ń gba èrò aráàlú lórí rẹ̀ títí di oṣù kẹta. Ó tún ní bó bá tiẹ̀ di òfin lọ́la, ilé ìwé ló ń bá wí, kì í ṣe olùkọ́ kan tó dá dúró níwájú pátákó.

Òun náà ló sọ èyí tó balẹ̀ sí mi lọ́kàn. Òfin ìdọ́gba ti ọdún 2010 dáàbò bo ẹni tó ń yí ìdánimọ̀ akọ-n-bábo rẹ̀ padà, ó sì dáàbò bo ẹ̀sìn àti ìgbàgbọ́. Ní ọdún 2021, nínú ẹjọ́ tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Maya Forstater pe ibi iṣẹ́ rẹ̀, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti àwọn òṣìṣẹ́ sọ pé ìgbàgbọ́ pé akọ tàbí abo kò ṣeé yí padà wà lábẹ́ ààbò yẹn. Ó ní ìgbàgbọ́ mi wà láìléwu nígbà náà, kò sẹ́ni tó ní kí n jù ú nù. Àmọ́ ilé ẹjọ́ kan náà sọ pé ìdájọ́ yẹn ò fún ẹnikẹ́ni láyè láti máa fi arọ́pò-orúkọ gún ẹlòmíràn lára bó ṣe wù ú. Mo bèèrè pé kí wọ́n bá mi kọ ohun tí wọ́n ń retí sílẹ̀. Ìlà mẹ́ta ni: kí n pe orúkọ tí a fẹnu kò sí, kí n má lo arọ́pò-orúkọ fún ọmọ náà bí mi ò bá fẹ́, kí n má sì sọ èrò mi nípa rẹ̀ níwájú ọmọ kankan. Mo lè fi ìlà mẹ́ta yẹn sùn. Ká ní mo bèèrè ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni, wọn ì bá fún mi lọ́jọ́ náà.

Ẹ má gba ìmọ̀ràn orí WhatsApp láti ìlú mìíràn lórí ọ̀rọ̀ yìí o. Ní Florida ní Amẹ́ríkà, láti oṣù keje ọdún 2023, òfin ò gba òṣìṣẹ́ ilé ìwé ìjọba láyè láti ní kí ọmọ máa fi arọ́pò-orúkọ tí kò bá ìbí òun mu pe òun. Ohun tó lè gbé olùkọ́ dé ọ́fíìsì ọ̀gá níbẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó lè gbé e dé ibẹ̀ ní Kent. Ìlànà ilé ìwé tó ń san owó oṣù rẹ ni kó o kà, bó ti wù kó gùn tó.

Ìwé ìkìlọ̀ wá ńkọ́? Ibi tí mo rò pé mo ti gbọ́n ni mo ti gbà á.

Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2024, Rishi Sunak, olórí ìjọba níbí nígbà náà, dúró sínú òjò, ó kéde ìbò fún ọjọ́ 4 oṣù keje. Káàdì ìbò wọlé sínú àpótí lẹ́tà mi. Àwa ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ń gbé níbí láṣẹ ìjọba lè dìbò. Ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀. Orí mi wú. Lọ́sẹ̀ yẹn, iṣẹ́ ìdá lọ́gọ́rùn-ún là ń ṣe, mo sì gbé iye tí wọ́n ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa rí sórí pátákó. Ọmọ kan ní, "Sir, ta lẹ máa dìbò fún?"

Àbúrò ìyàwó mi ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Leeds. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún yẹn, wọn ò gbà kí ẹni tó bá fi irú iṣẹ́ yẹn wá mú ọmọ rẹ̀ dání mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì wà lọ́dọ̀ ìyá wa ní Mọ́lété. Alẹ́ tó ṣáájú, orí fóònù ló ti ń sunkún. Mo dárúkọ ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba, mo ní wọ́n ti ya ìdílé mi, mo ní bí wọ́n bá dàgbà, kí wọ́n má dìbò fún wọn láéláé. Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ọmọbìnrin kan nínú wọn, ìyá rẹ̀ ń pín ìwé fún ẹgbẹ́ yẹn láti ojúlé dé ojúlé. Kí n tó délé, òbí méjì ti kọ̀wé.

Ọ̀gá àgbà ka òfin ẹ̀kọ́ ti ọdún 1996 sí mi létí, abala 406 àti 407. Èkíní ní kò gbọdọ̀ sí ìpolongo èrò ẹgbẹ́ òṣèlú nínú ìkọ́ni. Èkejì ní bí ọ̀rọ̀ òṣèlú bá délẹ̀, kí wọ́n gbé ìhà méjèèjì kalẹ̀ dáadáa fún àwọn ọmọ. Ó fi ìwé tí ìjọba ṣe lórí rẹ̀ ní ọdún 2022 hàn mí. Kò sẹ́ni tó ní kí n má sọ pé ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà burú. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kí n má wọ ẹgbẹ́, kí n má pín ìwé ní Sátidé. Nínú kíláàsì ni kò gbà.

Mo bínú. Mo fi ọjọ́ méjì bínú kí n tó lè sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Ní Ìbàdàn, lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ìbò ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023, mo sọ ẹni tí mo dìbò fún níwájú SS2, a jọ jiyàn, a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ń rojọ́ yìí fún un, ó ní, "Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n ní kí ẹ kó àwọn ọmọ lọ sẹ́bàá títì, kí wọ́n máa ju ásíá sí kọmíṣọ́nnà?" Mo rántí. Wákàtí mẹ́ta nínú oòrùn, ọmọ kan dákú, mo sì dé ilé mo ń bú wọn pé ta ló ní kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe òṣèlú. Ó wò mí, kò sọ nǹkan mìíràn. Àwọn ọmọ ọgbọ̀n tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ní Kent náà, wọn ò lè dìde jáde.

Mo lọ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ olùkọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì ní àwọn kì í gbé ẹjọ́ tó ti wà nílẹ̀ kí èèyàn tó wọlé. Ẹ wọ̀ ọ́ ní oṣù àkọ́kọ́.

Ní ọjọ́ ìbò, mo mú pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé mi lọ, torí wọ́n ń bèèrè ìwé tó ní fọ́tò. Wọ́n gbà á láìwò mí lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọmọ kan bá bi mí báyìí, màá ní àṣírí ni ìbò mi, màá sì bi òun náà pé kí ni ẹni tí kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ máa sọ. Wọ́n máa ń fẹ́ràn apá kejì yẹn.

Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2025 pé obìnrin tí òfin ìdọ́gba ń sọ, obìnrin nípa ìbí ni, a wà ní họ́lídè Àjíǹde. Fóònù mi dún títí ilẹ̀ fi ṣú. Lẹ́tà kan péré ni mo kọ, sí ilé ìwé: ṣé ìlà mẹ́ta mi ti yí padà? Wọ́n ní kò tíì yí padà, bó bá yí, àwọn á sọ fún mi.

Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, ọmọ náà dúró lẹ́yìn kíláàsì. Ó ti di ọdún kẹwàá, ìṣirò rẹ̀ ti le. Ó ti gbọ́ ìtàn ìyá Ìjẹ̀bú lọ́dọ̀ dókítà, bí gbogbo ilé ìwé ṣe gbọ́ ọ. Ó ní, "Sir, kí ni ẹ ń pè é ní èdè yín, 'he' àti 'she'?"

Mo kọ "ó" sórí pátákó, mo fi àmì lé e lórí.

"Àti 'they'?"

Mo ní bí ẹni náà bá jù ọ́ lọ, ó ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n fún ẹgbẹ́ ẹni, "ó" yẹn náà ni. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó kọ ọ́ sí igun ìwé rẹ̀, ó gbé báàgì, ó jáde. Mo jókòó. Ẹ̀rù bà mí pé bóyá mo tún ti sọ ohun tí kò yẹ. Mo lọ bá DSL, mo rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀kọ́ gírámà ni mo ṣe, kí n máa lọ sílé.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ṣá, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.